Ṣíbí Tí N Kò Lè Gbé Sẹ́nu

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Bàbá tí ó jẹ́ kí n rí òwúrọ̀ yìí. Mo dúpẹ́ fún omi tí mo fi bọ́jú, fún ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gba ojú fèrèsé kékeré wọlé, àti fún ìwé àti gègé tí àlùfáà ọgbà ẹ̀wọ̀n fi ta mí lọ́rẹ. Nígbà tí mo wà lómìnira, n kò ka irú nǹkan wọ̀nyí sí oore. Ìyìn ni fún Ẹni tí kò bínú títí dé òpin, tí ó fún mi láyè láti ronú pìwà dà kí ilẹ̀kùn tó tì.

Wọ́n ti dá mi lẹ́jọ́ ikú. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dá a nù. Wọn kò tíì sọ ọjọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn wọ́dà wá mú mi jáde, wọ́n wọn gíga mi, wọ́n sì gbé mi lé orí òṣùwọ̀n. Kò sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò sì béèrè; mo mọ̀ pé nítorí okùn ni.

N kò ní í kọ orúkọ mi síbí. Ìyá mi ṣì wà láàyè ní Ọ̀fà, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé wa ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé mo pa èèyàn kan tí kò ṣe mí ní nǹkan kan bí kò ṣe oore. N kò yọ àdá sí i, n kò sì yìnbọn fún un. Ìwà òtítọ́ rẹ̀ ni mo fi pa á. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ni ẹni tó ń lu agogo ìjọ wa, òun náà ló ń gbá inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kú nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta. Ìyá mi ní oko ànàmọ́ kan ní ọ̀nà Òjòkú, láti inú oko yẹn ni ó ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ìjọ ràn wá lọ́wọ́. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo ka Bíbélì ní ọjọ́ ìkórè, mo sì yege nínú ìdánwò Sitáńdáàdì Síìsì. Ìyẹn jẹ́ ọdún díẹ̀ ṣáájú kí orílẹ̀-èdè wa tó gba òmìnira. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti gba ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé ni ó ń retí. Mo kọ̀wé sí rélùwéè, mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mo kọ̀wé sí àwọn ṣọ́ọ̀bù òyìnbó tó wà lẹ́bàá ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó bá dáhùn, á ní kò sí àyè. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi jókòó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi di ànàmọ́ sínú agbọ̀n, ó ní kí n wọ aṣọ mi, kí n máa tẹ̀lé òun. Ọ̀dọ̀ Bàbá Àjàdí ni ó mú mi lọ. Bàbá yìí jẹ́ Mùsùlùmí, ó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn òyìnbó kékeré kan nítòsí ìdíkọ̀, ó sì fi láìsẹ́nsì rẹ̀ kọ́ ara ògiri bí ẹni gbé àwòrán bàbá rẹ̀ kọ́. Oògùn ibà ni ọjà rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù. Inú ìgò ràgàjì ni ó ti máa ń bá ọkọ̀ ojú irin dé, òun á wá rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, á fi kọ́ọ̀kì dé wọn.

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ìyá Akọ̀wé," ó ní, "ṣé ọmọ tó kàwé tó báyìí lè pariwo lọ́jà?"

"Bàbá, ẹ kọ́ ọ," ni ìyá mi wí. "Ebi ti kọ́ ọ dé ìdajì. Ẹ̀yin ẹ kọ́ ọ ní ìdajì tó kù."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń pè mí ní Akọ̀wé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi kì í ṣe bí a ṣe ń polówó. Ó mú ṣíbí kékeré kan jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ojú kò rí ohun tó wà nínú oògùn. Ẹni tó ń rà á, ìwọ ni ó ń gbà gbọ́. Nítorí náà, kí o tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣí ìgò tí ó fẹ́ gbé lọ, kán díẹ̀ sínú ṣíbí, kí o gbé e mì níṣojú rẹ̀. Ìgò tirẹ̀ o, kì í ṣe ìgò mìíràn."

Mo ní, "Bàbá, bí mo bá ta ogún ìgò lóòjọ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé ibà kò ní í ṣe ọ́ títí láé."

Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe láti bí ogún ọdún nìyẹn. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo àwọn ìlú tó yí wa ká ṣe ń pè é ní Bàbá Atọ́wò. Ní Ẹ̀rìn-Ilé pàápàá, níbi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọ̀fà, wọ́n máa ń ra oògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjà Òjòkú ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo gun kẹ̀kẹ́ Bàbá, mo di àpótí oògùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta ata, mo ṣí àpótí, mo sì la ẹnu. Ohùn kò jáde. Èmi tí mo ti dá orin kọ níwájú ìjọ, n kò lè sọ pé mo gbé ọjà wá.

Obìnrin aláta kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sáfú wò mí títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ò ń ta ọjà yìí ni, àbí o wá ṣọ́ ọ?"

Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ni. Ìjàkadì ni orò tiwọn, kì í ṣe ìpolówó."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sáfú ní, "Kí ló tilẹ̀ wà nínú ìgò yìí?"

"Oògùn ibà ni, mà."

"Ta ló sọ fún ọ pé ibà ń ṣe mí?"

"Kò sí, mà. Mo kàn ní bí ó bá ṣe ọmọ yín lọ́la..."

"Lórí ọmọ ta ni? Ká má rí i! Gbé àpótí rẹ kúrò níwájú ata mi!"

Mo gbé àpótí mi dé ilé láì ta ìgò kan. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Àjàdí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, o gbé àìsàn lọ bá a nílé! A kì í sọ fún oníbàárà pé ibà ń bọ̀. Ìlera ni kí o sọ pé o gbé wá."

Mo padà lọ ní ọjọ́ ọjà kejì. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Sáfú, mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá fi ohùn orin ìjọ gbé e pé: "Ìlera rèé o, ìlera nínú ìgò! Ẹni tó jí tó rẹ̀, ẹ wá wò ó!" Ìyá Sáfú fúnra rẹ̀ ni ó ra ìgò àkọ́kọ́. Mo ṣí i, mo kán an sínú ṣíbí, mo gbé e mì, ó korò, ojú mi sì fà pọ̀.

"Ó mà mu ún lóòótọ́," ni ó wí. "Bàbá Atọ́wò ti bí òmíràn."

N kò ní í purọ́ pé iṣẹ́ náà rọrùn. Òjò á pa mí lọ, oòrùn á pa mí bọ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ á bẹ́ níbi tí kò ti sí ilé. Ẹlòmíràn á tẹ́tí sí mi fún wákàtí kan, á bi mí ní ogún ìbéèrè, á wá ní òun ń lọ sóko. Mo máa ń sunkún nígbà mìíràn. Bàbá á ní, "Ẹni tó gbọ́ tí kò rà, etí rẹ̀ ti rà á. Ọwọ́ rẹ̀ ló kù. Padà lọ." Mo ń padà lọ, wọ́n sì ń rà á. Ká ní mo fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti di èèyàn.

Ní ọdún kejì, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú oògùn tirẹ̀ àti giramafóònù. Bí ó bá ti gbé àwo orin sí i, gbogbo ọjà á ṣùrù bò ó, èmi á wá dá dúró pẹ̀lú ṣíbí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé ọjà lọ tí mo ń gbé e bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ń lọ sí Ìlemọ̀nà, kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, àpótí sì ṣubú. Ìgò kò fọ́, ṣùgbọ́n kọ́ọ̀kì mẹ́fà ṣí, oògùn inú wọn sì dà títí ó fi kù sí ìdajì.

Bí mo bá sọ fún Bàbá, kò ní í bá mi wí. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí pé n kò tà, ojú tún fẹ́ tì mí pé mo dà á nù. Odò kékeré kan wà níbẹ̀. Mo bu omi kún àwọn ìgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ní Ìlemọ̀nà, ọkùnrin àgbẹ̀ kan wá rà á. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìgò olómi náà. N kò fẹ́ kó rí ojú mi nígbà tí mo bá tọ́ omi wò tí kò korò. Mo mú ìgò mìíràn tí ó dára, mo kán an sínú ṣíbí, mo gbé e mì, mo fa ojú pọ̀. Mo wá gbé ìgò olómi náà fún un. Ó ní, "Ọlọ́run á sọ ọ́ di ńlá, ọmọ mi." Mo ní, "Àmín."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ aṣọ funfun, mo bá àwọn akọrin kọrin. Mo ń wo òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bóyá yóò wó lù mí. Kò wó. Mo rò pé Ọlọ́run ti mójú kúrò níbẹ̀. Sùúrù ni ó ń ṣe fún mi, mo sì pè é ní ìgbójú-fò-dá.

Láti ìgbà náà, mo ní ìgò kan tí mo ń fi sí àpò àyà mi. Oògùn gidi ló wà nínú rẹ̀. Òun ni mo ń tọ́ wò fún àwọn èèyàn, òmíràn ni mo sì ń tà fún wọn. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, tí mo ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ta ni yóò wo ọwọ́ mi? Ẹnu dídùn tí mo fi ọdún kan kọ́, ó wá di aṣọ tí mo fi ń bo ọwọ́.

Ní àkókò yìí ni mo rí Dọ̀kásì, ọmọ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ìjọ wa. Bàbá rẹ̀ sọ fún mi láì fi bò pé, "Ọmọ mi kò ní í fẹ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri ọjà. Bí o bá ti ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, padà wá." Mo fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà kíákíá. Omi lásán kò ní àwọ̀, àwọn èèyàn á tètè fura. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí ìyá mi bí ó ti ń se ànàmọ́. Omi rẹ̀ pọ́n, ó sì dùn. Mo ronú pé bí a bá fún ewúro sí i, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Ìyá mi ní, "Kí lo fẹ́ fi omi ànàmọ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ máa mu ún ni, Ìyá."

Inú rẹ̀ dùn. "Mu ún, ọmọ mi. Ànàmọ́ ló tọ́ ọ dàgbà." Láti ọjọ́ yẹn, ó ń gbé omi náà pamọ́ dè mí nínú ìkòkò kan, ó ń fi àwo dé e kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ìyá mi ni mo fi ṣe ayédèrú oògùn, kò sì mọ̀.

Ó tó ọdún méjì. Orílẹ̀-èdè gba òmìnira, a jó, a yọ̀. Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Àjàdí, kì í jáde nínú ṣọ́ọ̀bù mọ́, gbogbo ọjà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi owó ayédèrú náà gba ṣọ́ọ̀bù kan, bàbá Dọ̀kásì ti gbà, wọ́n sì ti kéde ìgbéyàwó wa lẹ́ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, obìnrin kan láti Ẹ̀rìn-Ilé wọ ṣọ́ọ̀bù, aṣọ rẹ̀ tutù mọ́ ọn lára. Mo ń to ìgò lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó sì gbé ìgò kan lé orí tábìlì.

"Bàbá Atọ́wò, mo ní kí n dá ìgò yín padà. Ọmọ tí mo rà á fún ti lọ."

Bàbá dìde tòun ti ẹsẹ̀ dídùn. "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí ló ṣe é?"

"Ibà ni. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí ọsibítù, mo ní rárá, oògùn Bàbá Atọ́wò ni mò ń fún un. Ó mu ìgò méjì tán. Ìkẹta yìí ló kù díẹ̀. Mo ní kí n má dà á nù, ẹ lè fi fún ọmọ ẹlòmíràn."

Kò bínú. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì padà sínú òjò.

Bàbá gbé ìgò náà, ó wò ó. Ó ní, "Bísímílàhì," ó kán an sínú ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ànàmọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Akọ̀wé, nígbà tí ò ń tà á fún obìnrin yẹn, kí lo tọ́ wò níwájú rẹ̀?"

Mo mú ìgò inú àpò àyà mi jáde, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí ọmọdé. N kò tíì rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó dákẹ́, ó ní, "Ọjọ́ ọjà Òjòkú tó ń bọ̀, a jọ ń lọ ni. Màá tọ́ gbogbo ìgò inú àpótí rẹ wò ní gbangba, èyí tí kò bá dára, màá dà á sílẹ̀, màá sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó lọ bá obìnrin yẹn ní Ẹ̀rìn-Ilé."

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Wọ́n á sọ mí lókùúta."

"Èmi ni n ó ṣíwájú. Ọmọ iṣẹ́ mi ni ọ́. Àbùkù náà, orí mi ni yóò kọ́kọ́ bà lé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ṣé ẹ rí i? Bàbá náà fẹ́ bá mi gbé e. Ṣùgbọ́n "ní gbangba" nìkan ni etí mi gbọ́. Mo ń rò ó bí Dọ̀kásì yóò ṣe gbọ́, àti bí bàbá rẹ̀ yóò ṣe dìde nínú ìjọ láti fagi lé ìkéde ìgbéyàwó wa. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní. Ilé àlùfáà wa kò jìnnà sí tiwa, n kò lọ. Ìyá mi bi mí léèmejì ohun tó ń ṣe mí, mo ní kò sí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ra májèlé eku. Ẹni tó tà á fún mi kò bi mí ní nǹkan kan, nítorí ó mọ̀ pé eku ń yọ ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́nu. Mo fi sínú ìgò kan, mo sì to ìgò náà sí igun àpótí níwájú, níbi tí ọwọ́ Bàbá yóò kọ́kọ́ kàn. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ẹlòmíràn tó wà nínú ewu, nítorí pé Bàbá Àjàdí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ohun tí òun kò tíì tọ́ wò. Mo ní àwọn èèyàn á rò pé ogbó ló gbé e ṣubú.

Ọkọ̀ akẹ́rù ni Bàbá wọ̀ dé Òjòkú, èmi gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé e. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú. Bí Ìyá Sáfú ṣe rí i, ó fò sókè.

"Bàbá Atọ́wò fúnra yín! Ọmọ yín yìí mà ti gba ọjà lọ́wọ́ yín tán!"

"Ìyá Sáfú, ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ bá mi pe àwọn èèyàn jọ, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Èrò pé jọ. Mo ṣí àpótí. Kí Bàbá tó sọ̀rọ̀, ìyá ọlọ́mọ kan sáré wọ àárín wọn, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn, ara ọmọ mi gbóná bí iná." Ó na ọwọ́, ó sì mú ìgò igun àpótí.

N kò rò ó rí pé èyí lè ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu láti ké. Ohùn kò jáde. Ọjà kan náà ni, ibi kan náà tí mo dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bàbá rọra gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Dúró ná, ọmọ mi. Jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."

Àyè ṣì wà fún mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ó kù kí n sọ. Ó dà á kún ṣíbí náà dé etí, nítorí ó fẹ́ mọ bí ohun tí mo tà fún àwọn èèyàn ṣe burú tó. "Bísímílàhì." Ó gbé e mì.

Ó wò mí. Mo rí i pé ó ti yé e. Ó mú kọ́ọ̀kì, ó dé ìgò náà pinpin, ó sì fi ìgò àti ṣíbí lé Ìyá Sáfú lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ dì í mú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fẹnu kàn án." Ó wá jókòó sílẹ̀, ó di inú mú.

Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Ọ̀fà. Gbogbo èèyàn ń ké pé àgbà ló dé, pé oòrùn ló mú un. Ìyá Sáfú nìkan ni kò ké. Ó ṣí ìgò náà, ó da díẹ̀ sínú ṣíbí, ó sì nà án sí mi.

"Bọ̀ọ̀dá, tọ́ ọ wò."

Mo fà sẹ́yìn, ó sì tún nà án sún mọ́ mi.

"Ọdún mélòó lo ti ń tọ́ ọ wò fún wa níbí? Tọ́ èyí náà wò, kí olúkúlùkù máa lọ sídìí ọjà rẹ̀."

Mo gba ṣíbí náà. Mo gbé e dé àgbọ̀n mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ó sì dà sí mi láyà. Ìyá Sáfú gba ṣíbí náà padà, ó ní, "Ó ti tó. Ẹ lọ pe ọlọ́pàá."

Àwọn kan ti gbé igi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan sáré dé láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù náà, ó ní Bàbá dá àwọn dúró lójú ọ̀nà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu Akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn sí ẹ̀dá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, orúkọ Ọlọ́run ló ń pè. Wọn kò tíì kọjá oko ìyá mi tí ó fi dákẹ́.

N kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ilé-ẹjọ́. Wọ́n gbé ṣíbí náà sórí tábìlì níwájú adájọ́, n kò sì lè wò ó. Òdodo ni ẹjọ́ tí wọ́n dá fún mi.

Ìyá mi wá kí mi lóṣù tó kọjá. Ó ti gbọ́ ohun tí mo fi omi ànàmọ́ rẹ̀ ṣe, wọ́n kà á níṣojú rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́. Síbẹ̀ ó se ànàmọ́ wá, nítorí pé kò ní ohun mìíràn. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ni pé ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Wọ́dà sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ tọ́ ọ wò." Ìyá mi wò mí. Ó bu ànàmọ́ náà, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó wá na èyí tó kù sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Mo jẹ ẹ́. Kò sí oúnjẹ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu mi, kò sì sí èyí tó ṣòro gbé mì tó o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò, tí ẹ ń gbé ọjà kiri tí wọn kò rà á, mo mọ bí ó ṣe ń dunni. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ọjọ́ kan lé yín wọnú ohun tí ẹ kò ní í lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ọjà bá dà nù, ẹ sọ pé ó dà nù. Bí ẹ bá ti ṣe ibi tán, tí ẹnìkan sì fẹ́ bá yín tún un ṣe, ẹ tẹ̀lé e lọ sí gbangba náà. Wọ́n lè bú yín, wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ ó ṣì padà sílé. Èmi kò ní í padà sílé mọ́.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ Bàbá Àjàdí, mo sì ti kọ̀wé sí obìnrin Ẹ̀rìn-Ilé yẹn nípasẹ̀ àlùfáà. Kò tíì dáhùn. N kò retí pé kó dáhùn.

Ìwọ tí o ka ìwé yìí dé ìparí, kí Ọlọ́run tí ó dárí ji olè lórí igi bùkún ilé rẹ. Kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ lọ́jà, kí ó sì ṣọ́ ọwọ́ rẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Kí àwọn ọmọ rẹ yè. Ohunkóhun tí o bá sì nà sí ọmọ ẹnìkejì rẹ, kí ó jẹ́ ohun tí ìwọ náà lè gbé sẹ́nu láìbẹ̀rù, títí dé ọjọ́ alẹ́ rẹ. Àmín.